Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́: ọwọ́ Màmá, ẹnu Màmá

Òkè-Ẹlẹ́rìn,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé òtútù ti fi yín sílẹ̀ ní Kánádà? Ara wa le. Máńgòrò ẹ̀yìnkùnlé yín so débi pé ẹ̀ka kan ya. Kúnlé ti wọlé ẹ̀kọ́ gíga.

Ọ̀rọ̀ Màmá ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Mo lọ kí wọn láàárọ̀ Sátidé, mo bá wọn tí wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Oríkèé ìka wọn wú. Òrùka ìgbéyàwó wọn ò kọjá mọ́, wọ́n ti fi òwú so ó kọ́ ọrùn. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ń tó wákàtí kan kí ọwọ́ tó ṣeé dì. Wọ́n ní làkúrègbé ni, pé àgbà ló dé. Èmi náà ìbá gbà bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n fi orín àta run ẹnu. Itọ́ tí wọ́n tu, ẹ̀jẹ̀ ni.

Àyà mi já. Bó ṣe rí lára ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn. Dókítà oríkèé ló ní kó ya ẹnu, ló bá ní ká lọ rí dókítà eyín. Àlàyé rẹ̀ ni pé kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Porphyromonas gingivalis ń gbé abẹ́ erìgì. Ó ń pa àwọn purotéènì ara kan láwọ̀ dà, àwọn ọmọ ogun ara ò wá ní dá wọn mọ̀ mọ́, wọ́n á máa bá ará ilé jà. Wọ́n lè ti wà lẹ́nu ìjà yìí fún ọdún púpọ̀ kí oríkèé tó wú. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà rí kòkòrò ẹnu kejì tó ń dá irú wàhálà yìí sílẹ̀. Eyín nìkan kọ́ o: ó ń rin ìdílé, sìgá náà wà níbẹ̀, erìgì ẹlòmíì sì ń ṣẹ̀jẹ̀ tí oríkèé rẹ̀ ò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ha èérí tó le bí òkúta kúrò ní ìdí eyín ẹ̀gbọ́n mi, ó sì ń lo oògùn oríkèé tó ń jẹ́ methotrexate lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Lánàá, òun fúnra rẹ̀ ló ro àmàlà.

Mo bẹ Màmá pé ká jọ lọ, wọ́n ní ẹnikẹ́ni ò ní yọ eyín àwọn. Ìwọ nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tìrẹ. Jọ̀wọ́, bí lẹ́tà yìí bá ti dé ọwọ́ rẹ, pè wọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà. Sọ fún wọn pé àwọn dókítà kàn fẹ́ wo ẹnu wọn ni, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Má dárúkọ mi sí ti itọ́ yẹn o. Kíá ni wọ́n fi ẹsẹ̀ wa iyẹ̀pẹ̀ bò ó, wọ́n rò pé n kò rí i.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́.