"Ìjà" ni wọ́n kọ sínú ìwé

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí ìfipábánilòpọ̀, níbi tí ẹ ti to iye ti Nàìjíríà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Amẹ́ríkà àti ti Sweden, tí ẹ wá ní tiwa ṣì sàn díẹ̀. Aránṣọ ni mí ní Ẹ̀búté-Mẹ́tà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti ń fi tépù wọn èèyàn. Bí mo bá wọn gígùn búbù láti ọrùn, tí ẹlòmíràn wọ̀n ọ́n láti èjìká, nọ́ńbà wa ò lè bára mu, obìnrin kan náà la sì wọ̀n. Irú rẹ̀ lẹ ṣe yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, mo rán ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ọmọ ọdún méjìlélógún, pé kó lọ gbé agbádá fún oníbàárà kan nílé. Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó jókòó ti máṣíìnì, kò kí ẹnikẹ́ni. Síípù ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ti ya kúrò. Èmi ni mo rán síípù yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gba orí rẹ̀ kọjá, mo mọ irú agbára tó lè fà á tu. Ọkùnrin náà ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọwọ́ ló fi ṣe é.

A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Èyí tó wà ní káńtà bi ọmọ náà pé, "Ṣé ó bá ẹ lò?" Ó ní rárá, ọwọ́ ni. "Ṣé o pariwo? Ṣé ó lù ẹ́?" Ó ní ohùn òun ò jáde. Ọlọ́pàá wá kọjú sí mi: "Màmá, ẹ̀yin náà ẹ ṣáà gbọ́. Kò bá a lò." Ó mú bírò, ó kọ ọ́ sínú ìwé gbàǹgbà iwájú rẹ̀ pé ìjà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìwé náà kọjú sí, lórí kodò ni mo kà á, ṣùgbọ́n mo kà á.

Agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ oníbàárà mi ló là mí lóye, nígbà tí mo ń bá a mú ìbàdí aṣọ rẹ̀. Ó ní nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí Èkó ṣe ní 2011, ìfipábánilòpọ̀ ni kí ọkùnrin bá obìnrin lò láìjẹ́ pé obìnrin náà fẹ́. Tó bá jẹ́ ọwọ́ tàbí nǹkan mìíràn ló fi wọ inú ara ẹni, orúkọ ọ̀tọ̀ ló ń jẹ́, àmọ́ ẹ̀wọ̀n gbére ni méjèèjì. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 tí wọ́n ń lò ní Àbújá kó gbogbo rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan, ìbáà ṣe obìnrin, ìbáà ṣe ọkùnrin ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀wọ̀n gbére ni ohun tí ọlọ́pàá pè ní ìjà! Inú bí mi débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún obìnrin ọlọ́lá náà.

Òun náà ló sọ fún mi pé láti 1927, obìnrin nìkan ni FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ń kà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí wọ́n fipá bá lò, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé wọ́n fi agbára mú un. Ní 2012 ni wọ́n kéde pé àwọn yí i padà: wọ́n fi ọkùnrin kún àwọn tí wọ́n ń kà, wọ́n sì yọ ọ̀rọ̀ agbára kúrò. Iye wọn ga sí i, kì í ṣe pé àwọn ọkùnrin Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ya wèrè lóru ọjọ́ kan. Ní Sweden, bí obìnrin bá fẹjọ́ sùn pé ọkọ òun ṣe é fún òun lálaalẹ́ fún oṣù kan, bí ọgbọ̀n ni wọ́n á kà á. Nínú Criminal Code, òfin ìwà ọ̀daràn àtijọ́ tiwa, òfo ni, torí ọkọ rẹ̀ ni.

Èdè wa náà ò ràn wá lọ́wọ́. Ìfipábánilòpọ̀: ipá wà níbẹ̀, ìlòpọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù gba ohùn lẹ́nu rẹ̀, ipá wo ni yóò fi hàn ní káńtà? N ò tíì rí ọ̀rọ̀ tó dáa jù ú lọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè ẹ bá wa wá a.

Ní oṣù kẹfà 2020, ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá ìgbà náà, Mohammed Adamu, ní ẹjọ́ 717 ló dé ọ̀dọ̀ àwọn jákèjádò Nàìjíríà láàrin oṣù kìíní sí oṣù karùn-ún. Ṣùgbọ́n nígbà tí UNICEF àti àjọ ètò ìkànìyàn lọ bi àwọn ọ̀dọ́ léèrè nínú ilé wọn ní 2014, ọmọbìnrin kan nínú mẹ́rin ló ní wọ́n ti fi ọ̀ràn ìbálòpọ̀ fìyà jẹ òun lọ́nà kan tàbí òmíràn kí òun tó pé ọdún 18. Ọmọkùnrin, ọ̀kan nínú mẹ́wàá. 717 yẹn, àwọn tó dé káńtà ni, tí bírò sì gbà fún.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá tún fẹ́ tẹ nọ́ńbà, ẹ kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ ta ló kà á àti kí ló kà. Ẹ má sì kọ orúkọ mi. Ilé kejì sí ṣọ́ọ̀bù mi ni ọkùnrin náà ń gbé títí di òní, ó sì máa ń kí mi láàárọ̀.

Aránṣọ kan,
Ẹ̀búté-Mẹ́tà, Èkó