Fọ́tò Disneyland tó wà nínú páálí

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìkòròdú ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Mo rí àwọn fọ́tò tí ẹ̀gbọ́n bàbá mi yà ní Disneyland, ọgbà ìgbafẹ́ ńlá kan ní California, nígbà tí wọ́n ń kàwé l'Amẹ́ríkà, inú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ mo ń wò ó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ọ̀kan wà ńbẹ̀, àwọn èèyàn jókòó sínú nǹkan bíi garawa tó ń rìn lórí wáyà lókè téńté, Skyway ni wọ́n ń pè é, 1956 ló bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì pa á tì ní 1994, kò sí mọ́! Ẹ̀yìn fọ́tò yẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi fi báírò kọ ọ́ sí pé "ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n". Àánú ṣe mí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn yín, báwo lèèyàn ṣe ń ṣí àwọn fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ra wọn kúrò lára ara wọn tí wọn ò ní bàjẹ́?

Èmi ọmọ Ìkòròdú