Èsì Ìwádìí Ẹnu Odò Kì í Padà Sọ́dọ̀ Wa

Sí Olóòtú,

Wọ́n tún ti dé o. Lọ́jọ́ Ajé tó kọjá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tún ya wá sí etí omi wa pẹ̀lú ike, okùn àti ìwé ìbéèrè. Wọ́n ní ìwádìí àjùmọ̀ṣe làwọn ń ṣe lórí ẹnu odò àti àwọn ìlú tó yí i ká. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni pé, "Bàbá, ǹjẹ́ ẹja tí ẹ̀ ń pa ṣì pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀?" Ìbéèrè yìí gan-an làwọn tó wá ṣáájú wọn bi wá, láti yunifásítì kan náà, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ mìíràn. Mo ní kí làwọn yẹn wá rí? Wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ti wá rí.

N ò bá àwọn ọmọ yẹn jà. Ọmọ tó wọ ẹrẹ̀ dé orúnkún nítorí ẹ̀kọ́, kí ni mo fẹ́ bá a jà sí? Àwọn tó rán wọn níṣẹ́ ni mò ń bá wí, àwọn tó jókòó sí ọ́fíìsì, tí wọ́n ń fọwọ́ sí ìwé, tí owó ìwádìí ń gba ọwọ́ wọn kọjá. Wọ́n ń kó omi lọ, wọ́n ń kó ọ̀rọ̀ ẹnu wa lọ, èsì kì í padà wá. Ọmọ àbúrò mi rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí wọ́n kọ lórí ìwádìí náà lórí fóònù rẹ̀. Àwòrán ọkọ̀ aládùúgbò mi wà níbẹ̀ kedere. Àmọ́ ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ìṣáájú nìkan ló ṣeé kà, ẹni tó bá fẹ́ ka ìyókù á sanwó. Ọlọ́kọ̀ ni yóò wá sanwó kó tó mọ ohun tí wọ́n kọ nípa omi tó ń tu ọkọ̀ lórí rẹ̀! Bí dókítà bá gba ẹ̀jẹ̀ lára èèyàn lọ yẹ̀ wò, ṣé ẹlòmíràn ló máa ń sọ èsì fún?

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ náà gan-an ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹnu odò kì í dúró sójú kan. Ní ọ̀pọ̀ etíkun ayé, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni omi ń kún tó sì ń fà, àkókò tó ń kún sì máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju ti àná lọ. Ẹni tó bá ń dé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ní gbogbo ìgbà lè rò pé omi kan náà lòun ń bù. Irọ́ ni. Omi òkun, tí iyọ̀ inú kìlógíráàmù rẹ̀ kan tó nǹkan bíi gíráàmù 35, wúwo ju omi odò lọ. Ìsàlẹ̀ ló máa ń gbà wọlé, tí omi odò á máa ṣàn jáde lókè rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà pé kó jẹ́ kí ike rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òkè omi ni ìwé tí wọ́n fún àwọn sọ. Bí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì bá ń bá àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá apẹja lẹ́nu wò sọ̀rọ̀ ni, irú ìwé yẹn ò ní jáde.

Kí ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minamata ní ilẹ̀ Jàpáánì. Ọdún 1956 ni wọ́n kéde àìsàn tó ń ba ọpọlọ àwọn tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn ará abúlé apẹja ti ń rí ológbò tí gìrì ń mú kó tó di ìgbà náà. Ní 1958, ilé iṣẹ́ kẹ́míkà tó ń da ẹ̀gbin sí èbúté darí rẹ̀ gba ẹnu odò Minamata, ni àìsàn bá tàn dé ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí yunifásítì Kumamoto sọ ọ́ ní 1959 pé mẹ́kúrì, irin olómi tó jẹ́ májèlé, ló fà á. Ó di 1968 kí ìjọba tó gbà. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko! Irú àwọn aláṣẹ bẹ́ẹ̀ kò tán láyé.

Bẹ́ẹ̀ ìwádìí tí èsì rẹ̀ ń padà sọ́dọ̀ aráàlú ṣeé ṣe dáadáa. Lórí odò Hudson ní New York, láti 2003 làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń jáde lọ́jọ́ kan náà lọ́dọọdún, iléèwé kọ̀ọ̀kan ní ibùdó tirẹ̀ létí odò. Wọ́n ń wọn iyọ̀, wọ́n ń ka ẹja, wọ́n ń ṣọ́ bí omi ṣe ń kún tó ń fà, wọ́n á sì kó gbogbo rẹ̀ síbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Odò tí ìkún òkun ń dé ibi tó lé ní kìlómítà 240 nínú rẹ̀ ni o.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí: kí wọ́n má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ kankan ní máàkì lórí iṣẹ́ ẹnu odò títí yóò fi padà wá sọ ohun tó rí fún wa, létí omi níbí, ní èdè tí à ń sọ, lákòókò tí àwọn apẹja ti wọlé. Kó sọ ọ́, ká bi í ní ìbéèrè, ká tún ibi tó bá ti ṣì í ṣe kó tó di ìwé. Kí apẹja méjì àti obìnrin méjì tó ń ta ẹja fọwọ́ sí i pé ó wá. Ìwé yẹn ni kó mú lọ fún olùkọ́ rẹ̀, láìsí i, kò sí máàkì. Bí iṣẹ́ náà ò bá tíì parí, kó sọ ibi tó dé. Kó lẹ ojú ìwé kan ṣoṣo mọ́ ibi tí ọkọ̀ ń gúnlẹ̀ sí, kí ẹni tí kò sí nílé rí i kà. Inú owó ìwádìí ni kí owó ọkọ̀ rẹ̀ ti wá, kì í ṣe àpò ọmọ náà.

Wọ́n á ní sáyẹ́ǹsì ni, kò lè yé wa. Awo funfun tí wọ́n ń fi okùn sọ̀ sínú omi láti mọ bó ṣe mọ́ tó, tí àlùfáà Angelo Secchi lò ní 1865, kí ló le níbẹ̀? Ibi tí ojú ò bá ti rí awo mọ́ ni wọ́n ń wọ̀n. Tí a bá gbọ́n tó láti dáhùn ìbéèrè wọn, a gbọ́n tó láti gbọ́ èsì.

Kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà sì máa jọ wá lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n máa sanwó fún ọlọ́kọ̀ tó gbé wọn.

Olóòtú, ẹ̀yin ni wọ́n máa ń dá lóhùn. Ẹ bá wa bi àwọn yunifásítì wọ̀nyí: iṣẹ́ ìwádìí mélòó ni wọ́n ti ṣe lórí ẹnu odò láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, níbo sì ni ará ìlú ti lè kà wọ́n láìsanwó? Ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni,
Apẹja kan ní ẹnu odò