Sí ẹ̀yin tọkọtaya tó ń palẹ̀ Kérésì mọ́

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Ẹ̀yin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọ́ ọmọ ni mo kọ̀wé yìí sí, láti Ìsàlẹ̀ Èkó títí dé Yábà àti Sùúrùlérè. Mo ń rí bí ẹ ṣe ń sáré wọ Balógun àti Ìdúmọ̀tà lóṣù Kejìlá, tí ara ń kan yín gógó, tí àwọn mìíràn ń yáwó ra aṣọ ọdún. Ó ń dùn mí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí Lúùkù orí kejì. Gbogbo wa la mọ ibùjẹ ẹran àti àwọn olùṣọ́ àgùntàn. Ẹsẹ kẹrìnlélógún la máa ń fò. Nígbà tí Jósẹ́fù àti Màríà gbé ọmọ náà lọ sí Jerúsálẹ́mù, ẹbọ ẹyẹ ni ẹsẹ náà dárúkọ: àdàbà méjì tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Ẹ wá wo Léfítíkù orí 12. Ọ̀dọ́ àgùntàn kan àti ẹyẹ kan ni òfin ní kí ìyá tó bímọ mú wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àgùntàn ló ń mú ẹyẹ méjì. Ilé tálákà ni Ọlọ́run fi Ọmọ rẹ̀ sí! Ohun tí ọwọ́ wọn ká ni wọ́n mú wá, Síméónì, olódodo tó wà ní tẹ́ḿpìlì, sì gbé ọmọ náà mọ́ra, ó yin Ọlọ́run.

Bí owó aṣọ kò bá sí lọ́dún yìí, ẹ ka ẹsẹ yẹn fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì sọ òótọ́ fún wọn láìtijú. Ẹ fọ èyí tó wà nílé, kí wọ́n wọ̀ ọ́ lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Owó ilé-ìwé oṣù Kìíní ń bọ̀.

Ẹ se oúnjẹ o. Ọjọ́ ayọ̀ ni. Ní Èkó tí a dàgbà sí, ìrẹsì Kérésì ń lọ sílé aládùúgbò Mùsùlùmí, ẹran Iléyá náà sì ń wá sọ́dọ̀ wa. Kí ẹ tó bu tiyín, ẹ bu ti opó tí kò lẹ́nìkan. Àwọn ọmọ ni kí ẹ fi rán.

Ẹni tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ 25, ọdún kò tíì kọjá. Ó di ọjọ́ 6 oṣù Kìíní kí ṣọ́ọ̀ṣì tó rántí àwọn amòye. Ẹ mú alẹ́ kan láàárín, kí gbogbo ilé jókòó, kí bàbá ka Lúùkù orí kejì náà ní Yorùbá, títí dé ọ̀dọ̀ Ánà, opó ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nì, tó ń sọ̀rọ̀ ọmọ náà fún gbogbo ẹni tó ń retí ìdáǹdè.

Ìyá yín,
Ìsàlẹ̀ Èkó