Ọ̀nà Ló Jìn, Ẹrú Ní Baba

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ìwé títa ilẹ̀ ẹbí wa tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ọ lórí WhatsApp ti dé ọ̀dọ̀ èmi náà. Má tíì fọwọ́ sí i. Mo rí i pé o ti ń pè mí láti àná. Mi ò gbé e nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣeé sọ lórí fóònù, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì á ti máa já, tí ìyá rẹ á sì máa ti kíṣìnì dá sí i. Ó sàn kí n jókòó kọ ọ́, bí mo ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀ nígbà tí mo ṣì jẹ́ akọ̀wé kóòtù.

Inú mi dùn pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé náà. Nígbà ayé bàbá mi, ta ni í bi ọmọbìnrin léèrè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nílé wa? Ìyẹn ti yí padà, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n wo ojú ewé kẹta dáadáa. Ojúlé mẹ́rin ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó ni ilẹ̀. Ìwọ náà mọ̀ pé ojúlé márùn-ún ni agbo ilé wa. Èyí tí wọ́n yọ ni ojúlé ẹ̀yìn, ọ̀dọ̀ Bàbá Alágbẹ̀dẹ, níbi tí o máa ń sá lọ jẹ àmàlà nígbàkigbà tí ìyá rẹ bá se ìrẹsì.

Bí o bá bi Mọ́gàjí, olórí agbo ilé wa, léèrè ìdí rẹ̀, wọ́n á ní, "Ìwọ ò mọ ìtàn ilé." Bí o bá tún bi wọ́n, wọ́n á rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi aṣọ bo ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilé wa, a ń ní "àwọn ará ẹ̀yìn", tàbí "àwọn èèyàn bàbá wa". Ní Èkó, wọ́n ń ní àrótà. Ẹrú ni gbogbo rẹ̀ ń bò mọ́lẹ̀, Àdùkẹ́. Ìyá tó bí ìyá bàbá Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹrú ni wọ́n mú un wá sí ilé wa.

O rántí ìgbà tí o fẹ́ lọ́kọ, tí àbúrò mi lọ ṣe ìwádìí ilé ọkọ rẹ. Nígbà tó dé, ó ní, "Ilé wọn mọ́, ọmọ bíbí ni wọ́n." O rò pé àrùn ọpọlọ tàbí olè jíjà ni wọ́n lọ wò. Wọ́n wo ìyẹn. Ṣùgbọ́n "ọmọ bíbí" yẹn, ohun tó ń sọ kọ́ ni ìwọ gbọ́. Èmi gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́ nítorí pé àbọ̀ ìwádìí náà dára fún ọ.

Ẹni tó tẹ agbo ilé wa dó, jagunjagun ni. Ìyẹn là ń kì nínú oríkì wa, tí à ń gbé àyà sókè. Ohun tí a kì í kì ni ẹrù tí jagunjagun ń rù bọ̀ láti ojú ogun. Ibùdó ọmọ ogun ni Ìbàdàn nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí 1829, ogun ló sì ń jẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Bí ogun bá kó ìlú kan, a pín èèyàn. Wọ́n ta àwọn kan kí wọ́n lè ra ìbọn àti ẹ̀tù. Wọ́n kó àwọn kan sí oko, nítorí pé ẹni tó wà lójú ogun kò lè roko, ó sì gbọ́dọ̀ jẹun. Àwọn mìíràn ń ru epo àti ẹ̀kùrọ́ lọ sí apá etí òkun. Ẹrú tó bá láyà á gbé ìbọn tẹ̀lé olówó rẹ̀, bí ó bá sì ṣe gidi, òun náà lè ní ẹṣin, kó ní ìyàwó, kó ní ẹrú tirẹ̀. Wọ́n ń fi ẹrú ṣe oníbodè, wọ́n ń fi wọ́n ṣe ajẹ́lẹ̀ lórí ìlú àwọn tí wọ́n ṣẹ́gun. Ìyẹn ló fà á tí àwọn àgbà ilé wa fi máa ń ní, "A ò fìyà jẹ ẹrú níbí." Ó ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó gbé ìbọn. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹni tó wà lẹ́nu ọkọ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, Efúnṣetán Aníwúrà nìkan lẹ mọ̀. Wọ́n ti fi í ṣeré títí ó fi wá dà bí ẹni pé obìnrin kan ṣoṣo ló ni gbogbo ìkà tó wà ní Ìbàdàn. Ìyálóde náà ní ẹrú lọ súà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn ìjòyè ọkùnrin tó dìtẹ̀ mọ́ ọn lábẹ́ Ààrẹ Látòósà ní 1874, ṣé oko tiwọn ṣófo ni? Àwọn ẹrú rẹ̀ náà ni wọ́n lò láti pa á. Bí mo bá ti gbọ́ tí wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ lórí rédíò, oko bàbá ńlá wa ni mo máa ń rántí.

Láti Èkìtì ni wọ́n ti mú ìyá náà, kí ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ìyá Èkìtì ni wọ́n ń pè é nílé. Ìyá bàbá mi bá a láyé nígbà tó ti darúgbó. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní kò sẹ́ni tó bi í rí.

Ogun yẹn kò tán pátá títí di 1893. Ọdún yẹn náà ni Captain Bower jókòó sí Ìbàdàn gẹ́gẹ́ bíi Rẹ́sídẹ́ǹtì àkọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ ẹrú ló dì ẹrù wọn lásìkò yẹn, Ìjẹ̀ṣà forí lé Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì forí lé Èkìtì. Àwọn kan bá iṣẹ́ rélùwéè lọ nígbà tí wọ́n ń la ọ̀nà irin bọ̀ láti Èkó. Àwọn olówó wọn pariwo. Òyìnbó fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù kí oko má di igbó, kí ọwọ́ àwọn ìjòyè má sì bọ́ lára ìlú, nítorí náà ó mú un ní pẹ̀lẹ́: kí ẹnikẹ́ni má mú ẹrú tuntun, kí wọ́n má tà, kí wọ́n má rà, ṣùgbọ́n èyí tó ti wà nínú ilé, ó gbójú kúrò níbẹ̀. Ní Èkó tó ti wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì láti 1861 pàápàá, òfin sọ pé kò sí ẹrú, síbẹ̀ olówó ẹni ṣì ni olówó ẹni fún ọ̀pọ̀ èèyàn, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ilé tí wọ́n ń sùn wà. Ó di 1916 kí ìjọba Nàìjíríà tó ṣe òfin pé òfin kò mọ ẹnikẹ́ni sí ẹrú mọ́.

Ìyá Èkìtì kò lọ. Ta ló fẹ́ lọ bá? Wọ́n ti fọ́ ìlú rẹ̀, ó sì ti bímọ mẹ́ta sílé wa. Kò sí ẹni tó dè é mọ́. Ṣùgbọ́n òfin 1916 tó sọ ọ́ di òmìnira kò fún un ní ilẹ̀ tó tó àtẹ́lẹwọ́. Yàrá tó ń sùn, ti bàbá wa. Oko tó ń ro, ti bàbá wa. Nígbà tí kòkó dé, àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì tọrọ igbó kan lọ́wọ́ ẹbí, igbó tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣán rí. Wọ́n ṣán an, wọ́n gbin kòkó sí i, ọdọọdún ni wọ́n sì ń mú ìṣákọ́lẹ̀ wá: iṣu, àkùkọ, owó. Bàbá mi máa ń fi owó náà san owó ilé ìwé. Owó ilé ìwé tèmi wà níbẹ̀. Mo fẹ́ kí o mọ ìyẹn.

Igbó yẹn ni wọ́n fẹ́ tà yìí, Àdùkẹ́. Wo àwòrán tí sọ̀féyọ̀ yà, apá ibi tí odò ti wọ́. Ìlú ti sún dé ibẹ̀ láti ọ̀nà Èkó, ilé iṣẹ́ tó ń kọ́ ẹsiteeti ti gbé owó kalẹ̀. Látìgbà tí owó sì ti yọjú ni ìtàn ilé ti bẹ̀rẹ̀ sí í yé gbogbo èèyàn.

Má rò pé ilé wa nìkan ló ń ṣe báyìí. Nígbà tí mo wà ní kóòtù, mo ka ẹjọ́ Epétèdó ní Èkó láìmọye ìgbà. Oṣòdì Tápà, ọmọ Tápà ni, ọmọdé ló wà tí wọ́n fi mú un dé Èkó, ilé ọba ló sì dàgbà sí. Ó dìde láti ipò ẹrú di ọ̀kan lára àwọn ìjòyè tó lágbára jù lọ lọ́dọ̀ Kòsọ́kọ́, ọba Èkó. Ó bá Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn sí Èkó ní 1851, wọ́n padà dé ní 1862, wọ́n sì fún òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní ilẹ̀. Agbo ilé mọ́kànlélógún ni wọ́n pín in sí, púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ibẹ̀ sì jẹ́ ẹrú àti àrótà òun Oṣòdì. O rí i? Ẹni tó jẹ́ ẹrú rí, òun náà ti lẹ́rú. Ó kú ní 1868. Nígbà tí ìjọba wá ń gba ilẹ̀ níbẹ̀ tó sì ń san owó, àwọn àrọ́mọdọ́mọ dojú kọ ara wọn: ta ló ni owó, ṣé ìdílé ìjòyè ni tàbí ẹni tí àwọn baba rẹ̀ ti ń gbé lórí ilẹ̀ láti ìgbà Oṣòdì? Ẹjọ́ náà dé Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fún wa nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1930. Ní 1947, ìjọba ní láti ṣe òfin ọ̀tọ̀ lórí ilẹ̀ Epétèdó. Láti ikú Oṣòdì sí òfin yẹn, ṣírò ọdún tó wà níbẹ̀. Mo ti rí owó tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ, mo sì mọ àwọn tó ń jẹ ẹ́. Lọ́yà ni.

Èwo ló wá kàn mí nínú rẹ̀? Mo dá ẹ̀ṣẹ̀ méjì níbẹ̀.

Àkọ́kọ́, mo jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Èmi àti Bàbá Alágbẹ̀dẹ, ẹgbẹ́ ni wá, à ń ta ayò lábẹ́ igi ọsàn. Ó jẹ mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn. Mo dìde, mo gbọn erùpẹ̀, mo ní, "Ọmọ ẹrú." Mi ò mọ ibi tí mo ti gbọ́ ọ. Ìyá bàbá mi wà lórí ìjókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣa ẹ̀gúsí. Wọn ò nà mí. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí ojúlé ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, kí n tún ọ̀rọ̀ náà sọ ní etí ìyá náà. Mi ò lè sọ ọ́. Bí a ṣe ń padà bọ̀, wọ́n ní, "Ọ̀nà ló jìn, ẹrú ní baba." Wọn ò tún sọ nǹkan kan mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé àgbàlagbà ni mí nígbà tí mo dá a. Nígbà tí ipò Mọ́gàjí ṣófo kẹ́yìn, ọ̀pọ̀ wa mọ̀ pé Bàbá Alágbẹ̀dẹ ló dàgbà jù, tó sì gbọ́n jù. Ẹnì kan dìde ní ìpàdé, ó ní, "A kì í fi ará ẹ̀yìn jẹ Mọ́gàjí, ṣé ẹ fẹ́ kí irú wọn di Olúbàdàn lọ́la ni?" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo mọ̀wé, tí mo mọ òfin, mo tẹjú mọ́ bàtà mi. Bàbá Alágbẹ̀dẹ dìde, wọ́n kí gbogbo ilé, wọ́n ní oorun ń kun àwọn, wọ́n lọ. Títí dòní, wọn ò fi ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ọdún iléyá, wọ́n ṣì ń fi ẹran ránṣẹ́.

Wọ́n á pè ọ́. Mọ́gàjí á pè ọ́ fúnra wọn. Kí wọn kí o kúnlẹ̀ lórí fóònù, má jẹ́ kí ohùn rẹ le. Wọ́n á ní ọmọ Akọ̀wé ti lọ gbọ́n jù lókè òkun. Wọ́n á ní, "Ṣebí wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń mu, kò sẹ́ni tó lé wọn." Bí ó bá jẹ́ pé a jọ ń jẹ lóòótọ́, kí ló dé tí ojúlé wọn kò sí lójú ewé kẹta? Bi wọ́n bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, kí o sì dákẹ́, kí wọ́n wá nǹkan sọ. Wọ́n lè sọ pé ìpín rẹ á dínkù bí a bá fi ojúlé karùn-ún kún un. Ó máa dínkù. Mo ti ṣírò rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ẹ nílò owó yẹn fún ilé tí ẹ fẹ́ rà. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò ní dùn ọ́.

Má gbé e sórí Facebook. Má jẹ́ kí orúkọ ìyá náà di nǹkan tí àwọn èèyàn tí kò mọ ilé wa ń fi jiyàn. Fi ìlà kan péré ránṣẹ́ sí lọ́yà: ojúlé márùn-ún ni agbo ilé wa, èmi ò lè fọwọ́ sí ìwé tó ní mẹ́rin. Tèmi ti dé ọwọ́ rẹ̀ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́. Bí wọ́n bá tún un ṣe, fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà.

Mo lọ sí ojúlé ẹ̀yìn ní ìrọ̀lẹ́ àná. Mi ò sọ̀rọ̀ ìwé, mo kàn ní kí a ta ayò. Wọ́n tún jẹ mí. Wọ́n béèrè rẹ, wọ́n ní ṣé òtútù ibẹ̀ ṣì ń mú ọ ní orúnkún, àti pé bí o bá ń bọ̀ ní Oṣù Kejìlá, kí o bá àwọn mú awò ìkàwé bọ̀, èyí tó nípọn. Ìyá rẹ kí ọ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.