Àkànní, kó o tó gbé oògùn ẹ̀yìn yẹn mì

Àkànní ọmọ mi,

Mo gbọ́ voice note ẹ, o kú ìnira. O ní ẹ̀yìn ò jẹ́ kó o lè bẹ̀rẹ̀ mọ́, pé ọ̀rẹ́ ẹ ní gáréèjì ti já lára oògùn tó ń dẹ iṣan tiẹ̀ fún ẹ, ó ní òun lò ó ó sì ṣiṣẹ́. Ó lè ṣiṣẹ́ fún un lóòótọ́, ṣùgbọ́n ṣé ó mọ nǹkan tó o ti ń lò tẹ́lẹ̀ ni? Ohun tí oògùn yẹn máa lọ bá nínú ẹ ló ń bà mí lẹ́rù.

Kọ́kọ́ bi í lórúkọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ Norgesic, paracetamol 450 mg ti wà nínú hóró kan ṣoṣo. Tó o bá lo méjì-méjì lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, 2,700 mg nìyẹn, o wá tún gbé Panadol, tí òun náà jẹ́ paracetamol, méjì-méjì lé e lẹ́ẹ̀mẹta, 3,000 mg mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì rèé àgbàlagbà ò gbọdọ̀ kọjá 4,000 mg lójúmọ́, ẹ̀dọ̀ ló máa jìyà ẹ̀. Má sì fi ìkankan ránṣẹ́ sí bàbá ẹ o, ẹni tó ní glọkọ́mà, àrùn ojú yẹn, ò gbọdọ̀ lò ó, mo mọ̀ ẹ́ dáadáa.

Tó bá wá jẹ́ tizanidine, jọ̀ọ́ má tiẹ̀ fẹnu kàn án. Ṣebí o ń lo Cipro fún táífọ́ọ̀dù (táífọ́ọ̀dù tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ ẹ́ wò fún, ká fìyẹn sílẹ̀ ná)? Àwọn méjèèjì ò gbọdọ̀ pàdé rárá, Cipro ò ní jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí tizanidine yẹn palẹ̀ mọ́, á kàn máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ ni, BP á já wálẹ̀, òòyì á gbé ẹ ṣubú.

Paragá ńkọ́? Má purọ́ fún mi. Ọtí ń fa oorun, oògùn yẹn náà ń fa oorun, ìwọ á sì tún jí ní ìdájí lọ kó èrò sínú bọ́ọ̀sì gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú! Èyíkéyìí tí wọ́n bá fún ẹ, alẹ́ tó ò ní jáde mọ́ ni kó o ti kọ́kọ́ lò ó, má sì wakọ̀ títí wàá fi mọ bó ṣe ń ṣe ẹ.

Kó gbogbo oògùn tó o ń lò sínú nylon, àgbo náà, kó o dà á síwájú famasíìsì, kì í ṣe ọmọ tó kàn ń bá wọn tajà níbẹ̀ o. Àmọ́ tí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tàbí ìtọ̀ ò wá mọ́, ọsibítù ni kó o gbà lọ tààrà.

Pè mí tó o bá débẹ̀.

Ìyá ẹ