Rédà ń rí i, àwa ò gbọ́

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí láti Tromsø. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, àbúrò mi tó wá kí mi láti Lọ́ńdọ̀nù sanwó bọ́ọ̀sì fún ara rẹ̀ àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì láti lọ wo ìmọ́lẹ̀ àríwá (aurora), ìmọ́lẹ̀ aláràbarà tó máa ń yọ lójú ọ̀run lálẹ́. Aago mẹ́wàá kò tíì lù tí awakọ̀ fi wo fóònù, ó ní Kp (nọ́ńbà 0 sí 9 tó ń sọ bí agbára òòfà ayé ṣe ń dà rú tó, tí wọ́n fi ń fojú bu ìmọ́lẹ̀ náà) kò ju 1 lọ, kò sí nǹkan kan lálẹ́ yìí. Ó ṣẹ́rí padà.

Ní aago mọ́kànlá mo jáde lọ da pàǹtí nù. Àfi ìlà aláwọ̀ ewé tó na láti ẹ̀yìn òkè Tromsdalstinden dé ìwọ̀-oòrùn! Ló bá ká kò, ló bá sáré gba ọ̀nà àríwá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Kí n tó jí àwọn ọmọ, kí wọ́n tó wọ bàtà, ó ti parẹ́.

Kp yẹn, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni fún gbogbo ayé, fún odindi wákàtí mẹ́ta. Kí ló mọ̀ nípa òkè orí wa? Bẹ́ẹ̀ rédà EISCAT, ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fi ń yẹ òkè ojú ọ̀run wò, wà ní Ramfjordmoen nítòsí wa, ó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1981. Ìkùukùu kì í dí i lójú. Ó ń rán ìgbì rédíò sókè, ìwọ̀nba tó ta padà lára àwọn electron (èérún oníná tíntìntín tó máa ń pọ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ náà bá wà) ló fi ń mọ bí wọ́n ṣe pọ̀ tó, bí wọ́n ṣe gbóná tó, àti ibi tí plasma, ìyẹn afẹ́fẹ́ oníná tí wọ́n wà nínú rẹ̀, ń sáré gbà. Nígbà mìíràn eré náà ju kìlómítà kan lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Owó àjọdá orílẹ̀-èdè púpọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, Bírítéènì pàápàá dá sí i. Kí ló dé tí ará ìlú ò fi lè gbọ́ ohun tó ń sọ?

Àwọn ọ̀gá rédà náà á ní àwòrán rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ṣí i. Pupa, búlúù, yẹ́lò, bí àdìrẹ tí aró rẹ̀ dà lura wọn. Ta ni kó kà á?

Ẹ gbé ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá kan sí ibùdókọ̀ létí òkun. Kí wọ́n máa kọ ọ́ síbẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ̀rọ̀, ní èdè Norway, èdè Sámi àti Gẹ̀ẹ́sì: “Electron ti pọ̀ lókè orí yín báyìí, ní nǹkan bí 110 kìlómítà. Plasma ń sá lọ sí ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má tíì sùn.” Kì í ṣe ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tan rédà náà, mo mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá ń sinmi, kí wọ́n kọ “rédà ń sinmi”, kí awakọ̀ má fi Kp tàn wá. Kí oníbọ́ọ̀sì dá owó padà. Kí wọ́n dín iná títì kù, kí ojú wa lè rí ọ̀run.

Wọ́n ṣètò nǹkan bí 10,000 antẹ́nà fún rédà EISCAT tuntun ní abúlé Skibotn. Ṣé àwa ò ní gbọ́ ti ìyẹn náà?

Láti oṣù Karùn-ún 2024 tí ìmọ́lẹ̀ náà yọ sí wọn ní Bírítéènì, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ ló ń fowó wá síbí, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ sí yín. Àwọn ọmọ àbúrò mi padà lọ ní Sátidé. Èyí àbígbẹ̀yìn tẹ̀ mí láago, ó ní ṣé irọ́ ni fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín ní Tromsø, Norway